Pẹ́dà pìánólà tó ń ká wọnú: àkọsílẹ̀ àtúnṣe

Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà ọ̀tún pìánólà yìí, ìyẹn pìánò tó ń lu orin fúnra rẹ̀, òfo ni ẹsẹ̀ yín á kọ́kọ́ bá pàdé. Á lọ sílẹ̀ tó íńṣì kan kí ẹwìrì inú tó mọ̀ pé ẹnì kan wà níta. Ìgbà tó bá wá mọ̀, irin á gbá irin, kà! Orin á fò sókè lójijì, á tún rọlẹ̀. Pẹ́dà òsì sàn díẹ̀, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ sàn náà ni. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó síwájú rẹ̀ ló ń sọ pé ẹ̀rọ òkè ló ti gbó, pé ká pe káńsù kí wọ́n wá gbé e lọ.

Ẹ̀rọ òkè kò ṣe nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ni ìyọnu wà, níbi tí pẹ́dà ti ń ká.

Nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la ti bá a. Ìjọ àwọn òyìnbó ló ń lo ilé náà kí ó tó kan àwa, wọ́n sì fi pìánò yìí sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí kan tó kún fún róòlù ìwé. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti ha kúrò lára ìdérí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi ń jẹun, n kì í ṣe alátùn-ún-ṣe pìánò. Àmọ́ nínú ikùn ẹ̀rọ yìí, pákó, awọ, aṣọ àti gọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù, nǹkan tí ọwọ́ mi mọ̀ ni.

Ohun tí pẹ́dà ń ṣe gan-an

Fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí: pìánólà jẹ́ pìánò tó ń ka orin lára ìwé tí a lu ihò sí, tó sì ń lu kíì fúnra rẹ̀. Edwin Votey ló ṣe èyí tí orúkọ náà ti wá, ní Detroit, Amẹ́ríkà, ní 1895, ilé iṣẹ́ Aeolian ló sì tà á káàkiri. Ti Votey kò tíì sí nínú pìánò o. Àpótí lọ́tọ̀ ni, wọ́n á tì í wá síwájú pìánò, á sì fi ìka onígi tẹ kíì. Nígbà tó yá ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ náà sínú pìánò. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kíká pẹ́dà wá di dandan, torí ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu pìánò náà kò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Pẹ́dà ẹwìrì méjèèjì tóbi, wọ́n sì yọ síta gan-an. Wọ́n á dí pẹ́dà kékeré ti pìánò fúnra rẹ̀ lọ́nà. Wọ́n bá ṣe é kó lè ṣẹ́ po wọ inú ikùn, kí ilẹ̀kùn kékeré kan bò ó. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá wà ní títì, àlejò kò ní mọ̀ pé kì í ṣe pìánò lásán. N kò rò pé ti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n rò. Ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ni pìánò nígbà náà, ta ló sì fẹ́ kí àlejò máa wo irin nísàlẹ̀ ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pẹ́dà ń fẹ́ atẹ́gùn wọnú. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló ń fẹ́ atẹ́gùn, sínú iná. Ti pìánólà ń ṣe òdìkejì: ó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, ẹwìrì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣí, á fa afẹ́fẹ́ láti inú ẹwìrì ńlá, gba ihò tí awọ pẹlẹbẹ kan bò. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, sípíríìnì á pa ẹwìrì kékeré dé. Awọ yẹn á lẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa padà, awọ kejì níta á ṣí, afẹ́fẹ́ á tú sínú yàrá. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ẹwìrì ńlá ní tirẹ̀ ní sípíríìnì tó ń tì í ṣí láti inú, òun ló ń jẹ́ kí ìfà náà máa lọ geere láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì.

Àwọn tó dàgbà sí ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì nílé á ti rí ọ̀gá dùùrù tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wa dùùrù kékeré nígbà tí iná bá lọ, tàbí kí iná tó dé rárá. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé dùùrù ní olórin tó ń fi ọwọ́ lù ú, ní ti pìánólà, ìwé ló dúró fún ọwọ́.

Lókè, ìwé ń kọjá lórí ọ̀pá idẹ kan tó ní ihò 88, ọ̀kan fún kíì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá 1908 ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà pàdé ní ìlú Buffalo, tí wọ́n fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan fún gbogbo wọn: ìwé tó fẹ̀ ní íńṣì 11¼, ihò 9 nínú íńṣì kan. Ìpàdé yẹn ló jẹ́ kí róòlù tí a bá nínú àpótí wọ pìánò yìí láì bèèrè ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ihò ìwé bá ṣe déédéé ihò idẹ, afẹ́fẹ́ yàrá á wọlé, á gba tíúbù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ gbé awọ kékeré kan sókè, ẹnu ọ̀nà á ṣí, ìfà láti ìsàlẹ̀ á sì dé ibi àpò kékeré tó jẹ́ ti kíì yẹn. Àpò náà á fún pọ̀ lójú ẹsẹ̀, òlù á gbá wáyà.

Bí ìfà bá ṣe le tó ni òlù ń gbá wáyà tó. Ìwé ló ń sọ kíì tí a ó lù àti ìgbà tí a ó lù ú. Ẹsẹ̀ ló ń sọ bí yóò ti dún, jẹ́jẹ́ ni tàbí kíkan. Bí ẹsẹ̀ bá wá pàdánù íńṣì kan nínú oríkèé tó ti jẹ, kí ló kù tí ẹsẹ̀ lè sọ?

Adarí akọrin wa mú àbá wá nípa húfà, ẹ̀rọ tí a fi ń fa eruku ilẹ̀. Ọmọdébìnrin ni, ó sì mọ dùùrù lù gan-an. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ò wulẹ̀ ní so húfà mọ́ ọn? Òun náà ṣáà ń fa afẹ́fẹ́."

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, ìyá akọrin. Ṣùgbọ́n ta ló wá ń lu orin náà nígbà yẹn, ìwọ ni àbí húfà?"

Kì í ṣe pé mo kórìíra mọ́tò. Ilé iṣẹ́ Welte ní Freiburg, Jámánì, mú Welte-Mignon jáde ní 1904, mọ́tò ló sì ń fa ti wọn. Ó bá a mu, torí ìwé tirẹ̀ ní ihò àkànṣe tó ń sọ ìgbà tí ohùn yóò le àti ìgbà tí yóò rọ̀, bí olórin tó gbà á sílẹ̀ ṣe lù ú gan-an. Róòlù tiwa kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Mọ́tò á lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lóhùn kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á ní òun ti mọ̀ pé pìánólà kì í ṣe orin gidi.

Oríkèé tó ń ká

Pákó iwájú nísàlẹ̀ kò ṣòro láti yọ: ìkọ́ irin kan ló mú un lókè, ẹ fi àtàǹpàkò tì í, pákó á tẹ̀ síwájú. Eruku tó wà níbẹ̀ ju ti ilé ìtajà aṣọ àlòkù lọ. Mo bá kọ́ínnì pẹ́nì ńlá àtijọ́ méjì níbẹ̀, àti bọ́tìnì kan.

Pẹ́dà kọ̀ọ̀kan jẹ́ pákó tí wọ́n lẹ rọ́bà oníla mọ́ lórí, tó dúró lórí apá irin. Apá irin yìí ní oríkèé méjì. Ti àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ ni pẹ́dà ń yí sí bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ti èkejì ni ti kíká, ibẹ̀ ni pẹ́dà ti ń ṣẹ́ po bí a bá fẹ́ tì í wọlé. Bí pẹ́dà bá wà níta, etí irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé kejì yìí á gúnlẹ̀ sórí irin ìsàlẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí pẹ́dà ṣẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́. Láti ẹ̀yìn apá irin, okùn aṣọ híhun kan tó fẹ̀ tó íńṣì kan gba abẹ́ igi róbótó, ó lọ di ẹnu ẹwìrì kékeré mú. Bí pẹ́dà bá lọ sílẹ̀, okùn á fà, ẹwìrì á ṣí.

Ẹ wá wo ìpọ́njú oríkèé kejì. Nígbà tí a bá ń ká a, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ti hínjì ilẹ̀kùn lọ. Nígbà tí a bá ń wà á, gbogbo agbára ẹsẹ̀ èèyàn ń kọjá lára píìnì kan ṣoṣo àti etí irin tí kò ju àtàǹpàkò lọ, léraléra, odindi orin kan. Wọ́n ti lẹ awọ mọ́ abẹ́ etí yẹn tẹ́lẹ̀ kí irin má bàa gbá irin. Àmì gọ́ọ̀mù nìkan ló kù. Awọ tó ṣí kúrò yìí ti sọ pẹ́dà sísàlẹ̀ ju ibi tó yẹ kó dúró lọ. Píìnì tó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 8 ti jẹ di 6 láàárín. Ihò tí píìnì wà nínú rẹ̀ kò róbótó mọ́, ó ti gùn bí ẹyin. Ẹnì kan tó ti fọwọ́ kàn án ṣáájú wa rí i pé okùn ti dẹ̀, ó bá so kókó sí i. Kókó yẹn ni kì í jẹ́ kí okùn kọjá geere lábẹ́ igi róbótó.

Mo gbé apá irin méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi dírílì orí ìdúró gbẹ́ ihò tó jẹ náà sí mìlímítà 12 kó tún di róbótó, mo ki búṣì sí i, ìyẹn òrùka idẹ tí píìnì ń gbà kọjá, mo wá wá píìnì irin líle tuntun tó wọ̀ ọ́ láì gbọ̀n. Awọ tó nípọn ni mo gé sí abẹ́ etí irin, mo sì gé wáṣà awọ sí ẹ̀gbẹ́ oríkèé lọ́tùn-ún lósì. Òfin kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ lé níbẹ̀: irin kò gbọ́dọ̀ fara kan irin níbikíbi. Gíríìsì kò wọ inú oríkèé tó ní awọ o, á ba awọ jẹ́. Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù dúdú tí mo lọ̀ kúnná ni mo fi pa píìnì.

Ibi okùn ni ọgbọ́n wà jù. Okùn tí wọ́n fi ń ṣe ìdí àga kò dáa, ó máa ń nà. Èyí tí mo lò ni okùn òwú tí a hun mọ́ra pinpin, mo sì gbé nǹkan wúwo kọ́ ọn mọ́jú kó lè na gbogbo èyí tó máa nà kí n tó wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé nígbà tí pẹ́dà bá wà lókè, tí kò sí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, okùn gbọ́dọ̀ le láì jẹ́ pé ó ń ṣí ẹwìrì rárá. Bó bá kúrú jù, ẹwìrì kò ní pa dé tán, ẹ ó máa wa afẹ́fẹ́ kan náà lọ sókè sódò. Bó bá gùn jù, a tún padà síbi òfo íńṣì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ awọ etí irin kí n tó gé okùn, torí awọ ló ń sọ ibi tí pẹ́dà máa dúró.

Ohun kan tún wà tí ó rọrùn láti gbójú fò: nígbà tí pẹ́dà bá ń ká wọlé, okùn gbọ́dọ̀ dẹ̀ ni, kò gbọ́dọ̀ fà. Mo ki ọwọ́ kan sára ẹwìrì, mo fi èkejì ká pẹ́dà díẹ̀díẹ̀. Lápá òsì, ẹwìrì kò mira. Lápá ọ̀tún, ó ń fẹ́ ṣí bí pẹ́dà ṣe dé ìdajì ọ̀nà, tó túmọ̀ sí pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tì í wọlé ni wọ́n ń fa aṣọ ẹwìrì ya. Igi róbótó apá ọ̀tún ni ìdè rẹ̀ ti tú, tó ti sún síwájú. Mo tì í padà, mo fi ìdè tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dè é, ó dákẹ́.

Aṣọ ẹwìrì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Aṣọ tí wọ́n fi bo ẹwìrì kékeré ní rọ́bà láàárín, òwú lójú méjèèjì. Rọ́bà yẹn ti kú. Bí ẹ bá ká aṣọ náà, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì sì ń yọ láti igun rẹ̀. Mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ tútù rọ gọ́ọ̀mù àtijọ́, mo ha á kúrò, mo fi sánpépà fọ pákó rẹ̀ mọ́.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sè láti ara awọ màlúù ni mo lò, ìyẹn oníkóró tí a ń rẹ sínú omi tútù kó wú, tí a wá ń yọ́ nínú agolo tó jókòó sínú omi gbígbóná. Kò gbọ́dọ̀ hó. Bó bá ti ju ìwọ̀n 65 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, agbára rẹ̀ á máa dín kù. Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí a ò lo gọ́ọ̀mù funfun inú ike, tó wà níbi gbogbo. Ó ń lẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn wa ni yóò jìyà, torí ti ike wọ inú pákó lọ, ti awọ màlúù sì ń tú bí omi gbígbóná bá ti kàn án. Àwa náà jèrè sùúrù ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é.

Awọ pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa ihò dé ti ká sókè ní etí. Mo pààrọ̀ gbogbo wọn sí awọ tinrin tó rọ̀, ojú tó ní irun múlọ́múlọ́ ni mo kọ sí pákó, mo sì fà á níwọ̀nba, kó lè sùn pẹrẹsẹ sórí ihò láì le bí awọ ìlù.

Ìdánwò

Mo fi ìdérí rọ́bà dí ẹnu ọ̀nà tó lọ sókè kí ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni mò ń yẹ̀ wò. Mo wá mú tíúbù aláwọ̀ funfun tí a lè rí inú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ ní àpẹẹrẹ lẹ́tà U mọ́ pákó kan, mo bu omi sí i dé ìdajì, mo sì so ẹnu kan mọ́ ẹwìrì. Omi lásán kì í rọrùn láti rí, mo bá bu zobo sí i. Kò sí nǹkan tó pupa tó ó nínú kíṣíìnì gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn. Bí ìfà bá ṣe ń le, omi á gòkè lápá kan, á wálẹ̀ lápá kejì. Íńṣì tó wà láàárín ojú omi méjèèjì ni agbára ìfà náà. Íńṣì 5 tàbí 6 ti tó fún orin jẹ́jẹ́. Orin tó bá ń ké gidi lè gbà tó 30.

Kí n tó tún un ṣe, n kò rí i kó kọjá 12, bó ti wù kí n wà á tó, zobo á sì máa jó gègè-gègè lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní báyìí, ó ń gòkè lọ sí 30 láì làágùn, mo sì lè mú un dúró sórí 6 bí mo bá rọ ẹsẹ̀. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò, ẹwìrì ńlá ń lọ́ra ṣí. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ kò tíì kúrò tí ó ti ṣí gbayawu.

Mo yọ ìdérí rọ́bà, a fi róòlù kan sí i. Adarí akọrin ló jókòó. Ó kọ́kọ́ ń wà á bí ẹni tó wa kẹ̀kẹ́, ohùn kan náà ni ó ń dún látòkèdélẹ̀. Mo ní kó má ka ẹsẹ̀ bí ẹni ń ka ìgbésẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ kíkan níbi tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sí, kó tó débẹ̀ ni kó sì ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn kan yọ jáde láàárín orin, àwọn yòókù sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó yí ojú padà. "Dádì, èmi ni mo ṣe ìyẹn?"

"Ìwọ ni."

"Húfà ò lè ṣe é."

Kò lè ṣe é. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì fẹ́ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, ẹ lọ sí Musical Museum ní Brentford, níbi tí Frank Holland kó àwọn ohun èlò orin tó ń dá kọrin jọ sí láti 1963. Ẹ má wo kíì tó ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ni kí ẹ máa wò.

Ohun tó kù: mọ́tò kékeré tó ń yí róòlù, tí ìfà ẹwìrì náà ń wà, ń sáré díẹ̀ nígbà tí a bá tẹ pẹ́dà kíkan, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń dá a dúró sójú kan ni mo ń tú báyìí. Rọ́bà orí pẹ́dà òsì náà ti ń ṣí ní igun. Mo lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ́dà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lò ó: ẹ jẹ́ kí ẹwìrì ńlá ṣí tán kí ẹ tó ká pẹ́dà, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí etí irin kúrò lórí awọ rẹ̀, ẹ ká òsì kí ẹ tó ká ọ̀tún, bí ilẹ̀kùn kò bá pa dé, ẹ má fi orúnkún tì í, okùn ló há, ẹ pè mí.